Àhunpọ̀ Ìtàn àti Àhunpọ̀ Òwú

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún dáadáa nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò rántí bí yàrá àlejò ṣe máa ń rí nílé àwọn òbí wa. Aṣọ òwú funfun kan tí ó ní ihò wínníwínní bí àwọ̀n yóò wà ní ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan, òmíràn yóò bo orí rédíò, èyí tó tóbi jù lọ yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí tẹlifíṣàn tí kì í sọ̀rọ̀ kí ó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kóróṣéè ni àwọn ìyá wa ń pe iṣẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ni wọ́n fi ń ṣe é, láti ẹnu abẹ́rẹ́ yìí kan náà sì ni fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun ti ń jáde. Àwa tí a fi ìmọ̀ àṣà ṣe iṣẹ́ ti kọ ìwé púpọ̀ lórí sányán, àlààrì àti ẹtù. A ti kọ lórí kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró, a kò sì fi àdìrẹ sílẹ̀. Aṣọ ẹ̀yìn àga ni kò rí lámèyítọ́ tí yóò bojú wò ó. Ìdí tí a máa ń sọ ni pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ló kó o dé. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní agboolé ìjọ, láti ayé Anna Hinderer tó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ọ́síríà ni ọ̀pọ̀ léèsì tí a fi ń ṣayẹyẹ ti ń wá, a kò sì tìtorí ìyẹn yọ ọ́ kúrò nínú aṣọ ẹbí. Kí ni aṣọ ẹ̀yìn àga wá ṣe fún wa?

Ìyá mi wà lára àwọn tó ń ṣe kóróṣéè. Gàrí, iyọ̀ àti epo pupa ni ó ń tà níwájú ilé wa, òwú rẹ̀ a sì máa wà nínú abọ́ kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 1998, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá a. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún mi bí a ṣe ń hun fìlà ọmọ tuntun, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá tó gún régé. Ìyá mi wò mí títí. Ó ní, “Àkànní, ẹnu kọ́ ni a fi ń hun ún. Mú ọwọ́ rẹ wá.” Báyìí ni ó ṣe fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́ tí ẹ̀rọ sì ń gba ohùn wa sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan kún bámúbámú.

Nígbà tí mo délé, mo da ohùn náà kọ sínú ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo yọ àwọn oníbàárà tó ń wá ra gàrí kúrò. Mo yọ orúkọ àwọn ọmọ àdúgbò tí ìyá mi ti hun fìlà fún, mo yọ aáwọ̀ òun àti obìnrin ilé kan lórí òwú aláwọ̀ omi aró tó sọnù. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ojú ìwé kan àbọ̀ lọ: ta òwú ní kókó, fa ojú mẹ́fà, so wọ́n pọ̀ kí wọ́n di òrùka, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi. Mo gbé e fún obìnrin kan tó mọ kóróṣéè dunjú pé kí ó tẹ̀ lé ìlànà náà láìfi ìmọ̀ tirẹ̀ kún un. Fìlà tó gbé wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lè bo ìkòkò ọbẹ̀.

N kò rí ibi tí àṣìṣe mi wà títí mo fi ka ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ìwé òyìnbó ni, ìlànà ìhunṣọ ló sì wà nínú rẹ̀. Knitter's Almanac ni orúkọ rẹ̀, Elizabeth Zimmermann ló kọ ọ́, ó sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí òǹkọ̀wé yìí ní 1910. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Switzerland àti Jámánì, ó fẹ́ ọmọ Jámánì, tọkọtaya náà sì kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1937. Ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí òtútù ti ń mú bí idà, ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ó sì di olóògbé ní 1999.

Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn ìyá wa. Nínú kóróṣéè, ojú òwú kan ṣoṣo ló máa ń là sílẹ̀ lẹ́nu abẹ́rẹ́. Èyí tó ti kọjá ti di títì pa. Ìdí nìyí tí ìyá mi fi lè ju iṣẹ́ sílẹ̀ láti wọn iyọ̀ fún oníbàárà, tí kò ní sí ohun tí yóò tú. Nínú ìhun súwẹ́tà, gbogbo ojú tó wà ní ìlà kan ni yóò là sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, igba ojú nígbà mìíràn. Bí abẹ́rẹ́ bá yọ, ẹkún dé. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì ni ọ̀pọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n Zimmermann fẹ́ràn èyí tí okùn rírọ̀ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí a fi ń hun ara súwẹ́tà yípo bí ìgò láìsí ojú rírán. Ó rí ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ìròyìn kan gba ìlànà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún un kọ bí ẹni pé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni a ó hun ún kí a tó rán an pọ̀. Láti 1958 ló ti ń tẹ ìlànà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó bá fẹ́. Nígbà tí mo ka èyí, ojú tì mí díẹ̀: ohun tí àwọn olóòtú yẹn ṣe sí i ni mo ṣe sí ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìlànà tí ìwé náà gbà jẹ́ ìwé. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá gbọ́ álímánáàkì, bébà ńlá tí a kọ́ sára ògiri, tí àwòrán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kún inú rẹ̀, ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Álímánáàkì ti Zimmermann ní orí méjìlá fún oṣù méjìlá, oṣù kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Fẹ́búárì, ohun ọmọ ọwọ́ ni. Ní Júlàì, ìborùn. Ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, nípa ilé rẹ̀ àti ohun tó ń lọ níbẹ̀, yóò sì ti ibẹ̀ yọ́ bọ́ sínú iṣẹ́ tí òǹkàwé kò ní mọ ìgbà tó wọ̀ ọ́. Òǹkàwé tó bá ń kánjú lè pè é ní ìsọkúsọ. Èmi gbà pé ọgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìborùn Júlàì ni ẹ̀rí tó dájú jù lọ. Aṣọ roboto ni. Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú 9. A ó sọ ọ́ di 18, a ó sì hun ún yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A ó sọ ọ́ di 36, ìyípo mẹ́fà. 72, ìyípo 12. 144, ìyípo 24. 288, ìyípo 48. Lẹ́yìn náà ni yóò di 576. Kò sí òògùn nínú rẹ̀: bí ohun roboto bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì láti àárín rẹ̀, etí rẹ̀ náà yóò gùn ní ìlọ́po méjì. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mọ òfin yìí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ Júlàì? Àkókò ìsinmi àti ìrìn àjò ni Júlàì lọ́dọ̀ wọn. Láàárín ibi tí a ti sọ ojú di ìlọ́po méjì sí ibi tí a ó tún ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a ń kà, kò sí ọnà tí a ń wò. Bí iṣẹ́ bá sì ti ń jìnnà sí àárín ni ìsinmi yìí ń gùn sí i. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lè máa hun ún kí ojú rẹ̀ wà lára igbó tó ń kọjá. Ìgbé ayé oṣù náà ló yan iṣẹ́ fún oṣù náà. Bí a bá gbé ìborùn yìí kúrò ní Júlàì, kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan ni a pàdánù, a ti pàdánù ìdí tí aṣọ náà fi rí bó ṣe rí.

Àhunpọ̀ ìtàn ni àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń pe bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn ṣe so kọ́ra. A ti ń lò ó pẹ́ débi pé a ti gbàgbé pé ọ̀dọ̀ ahunṣọ ni a ti yá a. Nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ náà padà sílé.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn dúró. Zimmermann kò gbà pé òun dá ohunkóhun sílẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí dídá ohun tuntun sílẹ̀ po, ó sọ ọ́ di “unvent”, èrò rẹ̀ sì ni pé ẹnì kan ti ní láti ṣe é rí níbìkan, òun kàn hú u jáde ni. Ẹ lọ bi onírárà pé ta ló ni oríkì tó ń ké, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ kò ní jìnnà sí èyí. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń ka ìwé obìnrin yìí tí kò ní mọ ohùn rẹ̀. Ó máa ń sọ èrò rẹ̀ gbangba, kò sì fi pamọ́ pé òun jẹ́ ẹni tí èrò rẹ̀ le. Ohun tí gbogbo ayé ni, tí ẹnì kan sì fi ohùn ara rẹ̀ gbé jáde: ṣé kì í ṣe ohun tí a fi ń yin akéwì nìyẹn?

Èmi kò sọ pé ìwé náà kò ní àléébù. Ilé tó kó sínú rẹ̀ jẹ́ ilé tí ara tù. Ìyà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí wọ́n ti ń hun súwẹ́tà nítorí pé kò sówó láti ra èyí tó wà lọ́jà pọ̀ láyé. Ohun tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn, ó tún máa ń kó ìlànà jọ ní ṣókí fún àwọn tí kò ráàyè. Mo mọ ìdí rẹ̀. Òǹtajà ni òun náà. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti lè fi ṣókí yẹn ṣe iṣẹ́ láìka ohun tó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé náà ti rẹ̀wẹ̀sì jù. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1971, Knitting Without Tears, ó dára ju báyìí lọ ní ọ̀nà kan: kò fún ọ ní iye ojú tí wàá hun. Ara ẹni tí yóò wọ súwẹ́tà ni wàá kọ́kọ́ wọ̀n. Bí ojú tó yí àyà po bá jẹ́ 200, ọrùn ọwọ́ yóò jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn 40. Ọrùn yóò jẹ́ 80. Ìlànà náà kò lè bẹ̀rẹ̀ títí ènìyàn kan pàtó yóò fi dìde dúró níwájú rẹ.

Èyí ló lé mi padà sídìí kásẹ́ẹ̀tì 1998. Mo tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́tẹ̀ yìí n kò yọ ohunkóhun. Àwọn orúkọ ọmọ tí mo pè ní òfófó, ìwọ̀n ni wọ́n. “Ti Ṣẹ́gun” ni fìlà ọmọ tí orí rẹ̀ tóbi. “Ti àwọn ìbejì” ni ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Nígbà tí ìyá mi ń ráhùn pé ẹnì kan gbé agolo mílíìkì lẹ́búlẹ́bú òun lọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹnu agolo yẹn ni ó máa ń gbé àtẹ́ fìlà lé láti mọ̀ bóyá ó ti fẹ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn ìbejì, ẹnu ife tíì ni. Mo ti gé agolo àti ife kúrò, mo fi “títí yóò fi fẹ̀ tó” rọ́pò wọn. Èmi gan-an ni mo hun fìlà ìkòkò ọbẹ̀ yẹn.

Ibì kan ṣì wà tí n kò lè parí àdàkọ rẹ̀. Ọmọ kékeré kan ni a rán wá ra gàrí. Ìyá mi, tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ní kí ó máa bù ú sínú kóńgò fúnra rẹ̀. Èmi náà jókòó tì í, mo ń fa ojú òwú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó fi lé mi lọ́wọ́. Lójijì ni ìyá mi sọ pé, “Ó tó, dúró ná.” Bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló wá ra gàrí, “ẹ dúró” ni à bá gbọ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì yanjú. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ọ̀kan, ọmọ ni èkejì, “dúró” sì bá àwa méjèèjì mu. Ìyá mi ti lọ ní 2011. Mo ti gbọ́ ibẹ̀ tó ìgbà ogún, gàrí ń dún wàràwàrà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun gbogbo á dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ọmọ náà dáwọ́ dúró. Ó dà bí ẹni pé èmi náà dáwọ́ dúró.