Ìṣòro Wíwọn Arán Ṣíṣe láàrin Àwọn Àgbà Ìbàdàn: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìwádìí Kan

Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn àgbà Yorùbá tí ń gbé Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, wé àwọn àgbà adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.35 ni arán ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí, ó sì rọrùn láti ti ibẹ̀ fò sórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìgbé ayé. Ìbéèrè tí ó ṣáájú ni pé: kí ni wọ́n wọ̀n gan-an?

Arán kì í ṣe ohun tí a ń gbé ka orí ìwọ̀n. Ìdáhùn sí ìbéèrè ni olùwádìí ń kà. Wọ́n bi àgbà fúnra rẹ̀ ní ohun tí yóò fi bí iyè rẹ̀ ti rí hàn. Wọ́n sì bi ìbátan rẹ̀ bóyá ìyípadà ti dé bá a. Ó yẹ kí a yìn wọ́n pé wọ́n ṣètò ìbéèrè náà kí ó má baà pa ẹni tí kò kàwé lára.

Ọ̀dọ̀ ìbátan ni ìṣòro wà. Àgbà tí ó ń dá gbé ní Indianapolis ni yóò san owó iná rẹ̀ fúnra rẹ̀; bí ó bá gbàgbé, ọ̀rọ̀ ti hàn. Ní agbo ilé Ìbàdàn, ìyàwó ilé ni ó ń dáná, ọmọ-ọmọ ni ó ń jẹ́ iṣẹ́, ọmọkùnrin ni ó ń sanwó. Bí wọ́n bá béèrè pé ṣé màmá ṣì ń ṣe iṣẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ìdáhùn ‘rárá’ lè jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. ‘Kò sí ìyípadà’ sì lè túmọ̀ sí pé kò sí iṣẹ́ tí yóò tú àṣírí. (Ọmọ wo ni yóò tilẹ̀ yá lára láti sọ fún àlejò pé ìyá òun ń ṣarán?) Àyẹ̀wò dókítà kò bọ́ pátápátá nínú èyí: ìlànà DSM-III-R ti 1987 béèrè pé kí ìgbàgbé náà ti máa dí iṣẹ́ tàbí ìbáṣepọ̀ ẹni lọ́wọ́.

Ọjọ́ orí pẹ̀lú nìyẹn. Ẹni tí ó sọ pé òun ti ń pọn omi nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929 lè jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, ó sì lè jẹ́ méjìlá. Ewu arán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa di ìlọ́po méjì ní ọdún márùn-ún márùn-ún.

Síbẹ̀, àbùkù yìí kò tó láti wó èsì náà. Kí Ìbàdàn tó lè bá Indianapolis dọ́gba, olùwádìí ní láti ti fo bí ẹni mẹ́ta nínú márùn-ún tí arán mú. Èyí ṣòro láti gbà, nígbà tí wọ́n bi àgbà fúnra rẹ̀ léèrè. Ìyàtọ̀ wà, bí ó ti tóbi tó ni kò dájú. Iṣẹ́ tí ilé ṣì fi lé àgbà lọ́wọ́ ni ó yẹ kí wọ́n bi ìbátan: ǹjẹ́ màmá ṣì ń fi oríkì kí ọmọ láìṣì í fún ẹlòmíràn? Bí ìjà bá dé, ǹjẹ́ ó ṣì ń rántí ohun tí wọ́n parí lọ́sẹ̀ tó kọjá?