Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Olùtọ́jú Eyín

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú eyín ni pé wọn kì í dúró de ìrora. Ẹ wo ọwọ́ wọn: irin tín-ín-rín tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń rọra ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò lábẹ́ erìgì, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì àti orín kò lè dé. Sùúrù ńlá ni!

Ní Bridgeport, ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ Alfred Fones dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 1913. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó kọ́ lọ tọ́jú. Ó mọ ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Bí erìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tètè lọ bá wọn.