Ọwọ́ Ẹ̀sọ̀ Lára Ẹ̀dọ̀fóró

Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, èyí tí àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B sábà máa ń fà láàárín àwọn ènìyàn wa, bá ti tàn kọjá ẹ̀dọ̀ tí a sì tún bá a nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni mo ti máa ń kan sáárá sí oníṣẹ́ abẹ, nítorí kì í kánjú yọ ọ̀bẹ. Ó di ìgbà tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ bá mọ́, tí kókó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró kò pọ̀, tí èémí aláìsàn sì tó. Nígbà náà ni wọn yóò dá afẹ́fẹ́ dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró kan, kí èkejì máa mí fún méjèèjì. Èyí tí ó rọ̀ wálẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ yóò fi ìka tẹ̀ wò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí yóò fi kan ohun líle bí èkùrọ́, tí yóò gé e tòun ti ẹran tí ó yí i ká, tí yóò sì pa ojú rẹ̀ dé kí afẹ́fẹ́ má jò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í wo gbogbo ènìyàn sàn o. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún kún ọjọ́ àwọn kan. Ẹni tí ọ̀bẹ kò bá yẹ, ìtànṣán wà ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH, Ìdí-Àràbà, ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2019.