Ògiri Ààfin àti Owó Yàrá: Eré Orí Ìtàgé ní Avignon

Àwọn póòpù ìjọ Àgùdà ló kọ́ ààfin Avignon, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nígbà tí wọ́n fi Róòmù sílẹ̀ tí wọ́n sì jókòó sétí odò Rhône láti 1309 títí di 1377. Ilé náà jọ ti ológun ju ti olùjọ́sìn lọ. Inú àgbàlá rẹ̀, tí kò ní òrùlé, ni ìtàgé tó lókìkí jù nínú àjọ̀dún eré Avignon wà. Èèyàn bíi 2,000 ló ń jókòó síbẹ̀ lálẹ́ oṣù Keje. Àwọn alámèyítọ́ a máa ti orí ẹni tó kọ eré tàbí ẹni tó darí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, nítorí àyè ló ń pinnu irú eré tó ń jáde ní ìlú yìí.

Jean Vilar ló dá àjọ̀dún náà sílẹ̀ ní 1947. Wọ́n ní kó wá fi eré kan gbe àfihàn àwòrán tó ń lọ lọ́wọ́ nínú ààfin lẹ́sẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, torí ó rí i pé ìtàn ti kún àgbàlá náà jù. Nígbà tó máa padà, eré mẹ́ta ló gbé dání, Richard II ti Shakespeare sì wà nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ọba. Kò gbé ilé onípákó kankan kalẹ̀. Pákó ìtàgé, aṣọ oyè, iná, ó parí. Ta ni yóò wo òkúta gidi tán tí yóò tún padà wo pákó tí wọ́n kùn lọ́dà? Ohùn àti ìrìn òṣèré nìkan ló kù tó lè kún irú àyè bẹ́ẹ̀, Vilar sì gbẹ́kẹ̀ lé wọn.

Láti ìgbà náà, kò sí olùdarí tó wọ àgbàlá yìí tí kì í kọ́kọ́ ro ohun tí yóò fi ògiri ṣe. Romeo Castellucci, ará Ítálì, ló yege jù lójú mi. Nínú Inferno, tó fi iṣẹ́ Dante ṣe ìpìlẹ̀ ní 2008, ó jáde, ó dárúkọ ara rẹ̀, àwọn ajá sì fò mọ́ ọn, wọ́n ń fa aṣọ nínípọn tó fi dáàbò bo ara. Lẹ́yìn náà ni Antoine Le Ménestrel bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán gun ògiri ààfin, ó ń fi ìka wá ibi àgbámú láàárín òkúta, títí ó fi dé òkè pátápátá. Láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti jẹ́ kí gíga ògiri náà di ẹ̀rù.

Ivo van Hove gba ọ̀nà mìíràn nínú Les Damnés ní 2016: ojú fídíò ńlá ló gbé kalẹ̀. N kì í fẹ́ fídíò nínú àgbàlá yìí, torí ó ń gba ojú òǹwòran kúrò lára ẹni tó wà láàyè níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn ará ilé inú eré náà sínú pósí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kámẹ́rà sì ń fi wọ́n hàn bí wọ́n ti ń jà fún èémí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ògiri kankan kò lè fi ìyẹn hàn.

Ìgboro ni àjọ̀dún kejì wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Off, tí André Benedetto ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní 1966 nígbà tó ṣeré tirẹ̀ láìjẹ́ pé àjọ̀dún pè é. Eré inú Off ti lé ní 1,000 báyìí. Pósítà kún ara òpó àti irin fèrèsé. Òṣèré tó ti wọ aṣọ eré, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, yóò dá ọ dúró lọ́nà, yóò ki ìwé pélébé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, yóò sì ṣe díẹ̀ hàn ọ́. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèré fúnra wọn ló ń san owó yàrá tí wọ́n ti ń ṣeré, wákàtí-wákàtí ni wọ́n sì ń gbà á: bí àwọn kan bá ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn mìíràn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Owó yìí ti wọ inú iṣẹ́ ọnà náà. Òun ló jẹ́ kí eré ẹlẹ́nìkan pọ̀, kí èyí tó pọ̀ jù má gùn ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, kí ẹrù orí ìtàgé má sì ju àga àti báàgì kan. Alámèyítọ́ tó bá ní nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe dín nǹkan kù kò tíì béèrè iye tí onílé ń gbà. Nínú àjọ̀dún gan-an, olùdarí Peter Brook gba òru mọ́jú fún Mahabharata ní 1985, níbi ìfọ́kùúta Boulbon lẹ́yìn ìlú. Ta ló lè san owó irú òru bẹ́ẹ̀ nínú Off?

Ọ̀rọ̀ àyè yìí kan Áfíríkà náà. Ní 2013, Dieudonné Niangouna, ará Kóńgò, wà lára àwọn ọlọ́nà tí àjọ̀dún fi ṣe alábàáṣe pàtàkì, ó sì gbé Sheda lọ sí Boulbon. Ọdún yẹn náà ni Qudus Onikeku, ọmọ Nàìjíríà, jó Qaddish. Ní 2017, wọ́n ya abala kan sọ́tọ̀ fún Áfíríkà. Angélique Kidjo, ọmọ Benin, kọrin nínú àgbàlá ààfin, wọ́n sì ka ewì olóògbé Senghor níbẹ̀, ṣùgbọ́n ijó àti orin ló gba abala náà kan. Niangouna ta kò ó ní gbangba pé wọ́n pe odidi ilẹ̀ wá láìjẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn lè ní ìbínú rẹ̀ pọ̀jù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀: eré tí a kọ sílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Brazzaville, ní Lomé tàbí ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń yan eré ni kò wá a débẹ̀.