'Bò' Tàbí 'Dáàbò Bò': Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ṣe kan ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fi ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fi hàn pé èdè náà gba sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí a máa yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni 'bò'. Òun ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu bí a bá fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń fi iná mànàmáná lẹ síǹkì mọ́ irin lára. A ó ri irin bọ inú omi tí iyọ̀ síǹkì ti yòrò sí, a ó so ó mọ́ orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. A ó so síǹkì pẹlẹbẹ mọ́ orí kejì, kí òun náà wà nínú omi. Bí iná ti ń ṣàn, síǹkì yóò máa yòrò lára pẹlẹbẹ, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ irin díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ wúrà ni a lò, 'bò' tó o sọ. Wúrà kàn ń bo àṣírí irin ni. Bí ó bá bó, àṣírí tú. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bákan náà ni tánńganran ara agolo: ibi tí ó bá ti bó nínú ọ̀rinrin ìta, irin abẹ́ rẹ̀ a máa yára dípẹtà ju èyí tí a kò bò rárá lọ.

Ti síǹkì yàtọ̀. Lórí òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀, síǹkì wà ní 0.76 fólítì nísàlẹ̀ òdo, irin ní 0.44, tánńganran ní 0.14. Nínú méjì tí ó fara kanra, èyí tí ó rẹlẹ̀ jù ni ọ̀rinrin ń kọ́kọ́ jẹ. Nítorí náà, bí síǹkì tilẹ̀ bó tí irin yọjú, síǹkì etí ibẹ̀ ni yóò máa jẹ kí ti irin tó kàn. Olùkọ́ tí ó sọ pé síǹkì 'bo' irin kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò rò pé ọ̀dà lásán ni. Bí a bá bi í pé kí ló dé tí ìṣó onísíǹkì tí ó ti bó lára kò tètè dípẹtà, kò ní rí èsì fọ̀.

'Dáàbò bò' sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, ẹnìkan lè sọ pé ọ̀dà pẹ̀lú ń dáàbò bo irin, òótọ́ sì ni. Ìyẹn ni ó fi yẹ kí gbólóhùn náà pé: síǹkì ń fi ara rẹ̀ dáàbò bo irin. Nínú 'fi ara rẹ̀' ni sáyẹ́ǹsì náà wà. Ó fi yé akẹ́kọ̀ọ́ pé aláàbò yìí ń jìyà nítorí ẹlòmíràn, àti pé ọjọ́ tí ó bá jẹ tán ni ààbò dópin.

Gbólóhùn náà gùn ju 'bò' lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó ṣi ọmọ lọ́nà kò dín iṣẹ́ olùkọ́ kù. Ṣe ni ó ń sọ ọ́ di méjì.