Ẹja Tó Ń Bọ́ Mọ́ni Lọ́wọ́

Nínú gbogbo géèmù tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe, kò sí èyí tó kọ́ mi níṣẹ́ tó The Hitchhiker's Guide to the Galaxy, tí ilé iṣẹ́ Infocom gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984. Kò sì sí èyí tó ń bí mi nínú tó o. Mo ti ta á dé òpin bí ẹni ta ayò, síbẹ̀ mo ṣì ń padà sídìí rẹ̀, nítorí èmi náà ń kọ irú géèmù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí òǹkọ̀wé ṣe lè sọ ìjákulẹ̀ di ẹ̀rín, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ibi tí ìjákulẹ̀ ti ń di ìyà lásán.

Kò sí àwòrán nínú rẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ óò rí lójú kọ̀ǹpútà ni ìpínrọ̀ kan tó ń sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tó wà ní sàkání yín. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àmì kékeré kan wà tó ń retí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ mú èyí, pé ẹ fẹ́ ṣí tọ̀hún, pé ẹ fẹ́ gba apá gúúsù lọ. Géèmù á fèsì, ẹ̀yin náà á tún tẹ òmíràn.

Douglas Adams, ará Ìlú Ọba, ló ni ìtàn náà. Eré orí rédíò BBC ló kọ́kọ́ jẹ́ lọ́dún 1978, kó tó di ìwé lọ́dún 1979. Nígbà tí Infocom fẹ́ sọ ọ́ di géèmù, wọ́n fi Steve Meretzky tì í, ẹni tó ti kọ géèmù Planetfall fún wọn lọ́dún 1983, àwọn méjèèjì sì jọ ro àwọn àdììtú inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin ni Arthur Dent. Ẹ jí nínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ẹ wá iná tàn, ẹ rí oògùn nínú àpò ẹ̀wù yín, ẹ bọ́ síta, ẹ bá katapílà tó fẹ́ wó ilé yín nítorí ọ̀nà tuntun tí wọ́n fẹ́ là. Kò pẹ́ sígbà náà ni gbogbo ayé fúnra rẹ̀ parẹ́, tí ẹ̀yin àti Ford Prefect, ọ̀rẹ́ yín, sì bá ara yín nínú ọkọ̀ òfuurufú àwọn Vogon, àwọn ẹ̀dá tó pa ayé rẹ́.

Kí n tó lọ sí ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí fún àwa tí a ń ṣe é. Ọ̀nà tó já sí òpin géèmù kì í gùn. Ẹ lè kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sójú ìwé kan. Ibi tí iṣẹ́ wà ni gbogbo ohun tí kò ní já síbì kankan. Bí ẹni tó ń ta á bá fẹ́ jẹ àtùpà ńkọ́? Bó bá fẹ́ bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ ńkọ́? Nígbà tí mo bá gbé géèmù mi fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n dán an wò, mo máa ń gba àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀, màá sì kà á láti òkè délẹ̀. Ibikíbi tí kọ̀ǹpútà bá ti dá wọn lóhùn ṣákálá pé ohun tí wọ́n wí kò yé òun, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣì kù sí. Nídìí àlọ́ àpamọ̀, ẹni tó bá gba àlọ́ sódì máa ń gba ẹ̀rín àwùjọ, ẹ̀rín yẹn ló sì máa ń jẹ́ kó tún un gbà. Ẹni tó dá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kò ní àwùjọ. Òǹkọ̀wé ló gbọ́dọ̀ ti kọ ẹ̀rín náà sílẹ̀ dè é. Adams àti Meretzky mọ èyí dájú, kò sì síbi tó ti hàn tó ìdí ẹja Babel.

Ẹja Babel ni ẹja kékeré tí wọ́n ń fi sétí, tó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ èdè gbogbo. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ Vogon tó ń yọ ọ́. Bọ́tìnnì kan ló wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹja fò jáde, ó gba inú yàrá kọjá, ó bọ́ sínú ihò kan lára ògiri, ó lọ. Ìkọ́ kan wà lókè ihò yẹn. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín, ẹ fi kọ́ ọ, ẹ̀wù bo ihò. Ẹ tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ẹja kọlu ẹ̀wù, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ojú gọ́tà tó wà nílẹ̀ gbé e mì. Ẹ wá fi táwẹ́lì bo gọ́tà. Ẹja balẹ̀ sórí táwẹ́lì, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń gbálẹ̀ sáré jáde, ó ṣa ẹja bí ẹni ṣa ìdọ̀tí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà tíńtín ìdí ògiri wọlé lọ. Ẹ gbé àpò Ford dí ẹnu ọ̀nà náà. Rọ́bọ́ọ̀tì forí sọ àpò, ẹja ta sókè, rọ́bọ́ọ̀tì mìíràn tó jẹ́ pé òkè yàrá nìkan ni tirẹ̀ láti gbá fò wọlé, ó hán an.

Ibi tó dé yìí ni mo máa ń dúró wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹja ti lọ, ẹ kò sì tíì sú. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ìgbà kan tó lọ láìsọ ohun tó gbé e lọ fún yín. Èsì kọ̀ọ̀kan ń pa yín lẹ́rìn-ín, ó sì ń nawọ́ sí ohun tó kàn. Ihò yẹn wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, gọ́tà wà níbẹ̀, ẹ kàn kò tíì ní ìdí láti wò wọ́n ni. Nígbà tí ẹ bá sì wá kó òkìtì lẹ́tà ìpolówó lé orí àpò Ford, tí gbogbo rẹ̀ tú sókè pẹ̀lú ẹja, tí rọ́bọ́ọ̀tì òkè ń sáré ṣa bébà kiri, ẹja á rọra bọ́ sínú etí yín. Infocom ta ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí láyà pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti gba ẹja Babel. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ ni. Mi ò tíì rí àdììtú tí wọ́n kọ dáadáa tó èyí.

Ṣùgbọ́n níbo ni lẹ́tà ìpolówó ti wá? Lẹ́nu ọ̀nà ilé Arthur ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, kí ayé tó parẹ́. Bí ẹ kò bá mú un nígbà náà, kò síbi tí ẹ tún ti lè rí i. Ẹja inú ẹ̀rọ náà sì níye. Ẹ lè jókòó síbẹ̀, kí ẹ ro gbogbo ohun tí ọgbọ́n lè rò, kí ẹ sì gbà á bó ṣe yẹ, síbẹ̀ kí ẹ má lè yege, géèmù kò sì ní sọ fún yín pé ọ̀nà ti dí. Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Àwọn méjèèjì tó fi sùúrù kọ èsì fún gbogbo ìjákulẹ̀ kékeré kò kọ nǹkan kan fún èyí tó tóbi jù.

Ọ̀rọ̀ ajá kan tó wà nínú géèmù náà tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tó dára jù nínú géèmù náà. Bí ẹ bá tẹ gbólóhùn kan tí kò yé kọ̀ǹpútà, géèmù lè mú ọ̀rọ̀ yín gan-an, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ó sọ pé ihò kan ṣí lójú òfuurufú lákòókò náà, ó gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó balẹ̀ sáàárín àwọn ẹ̀dá méjì tó fẹ́ bára wọn jagun, wọ́n sì gbọ́ ọ bí èébú tó burú jù lọ. Ogun bẹ̀rẹ̀ nítorí ohun tí ẹ ṣì tẹ̀! Kò sí òǹkọ̀wé géèmù tí kò mọ bí àṣìtẹ̀ ṣe ń dá ìtàn dúró, kọ̀ǹpútà á ní kò yé òun, adùn á pòórá. Níbí, àṣìtẹ̀ ló di ìtàn. Títí di òní, bí mo bá kà á, ọwọ́ mi a máa yá láti padà sídìí tèmi.

Àwọn ẹ̀dá náà wá kó ọmọ ogun wọn sọ́kọ̀, wọ́n dorí kọ ayé yín. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ajá kan lè gbé gbogbo wọn mì lẹ́ẹ̀kan. Ajá náà, ẹ ti rí i lójú ọ̀nà kí ayé tó parẹ́, nígbà tí ẹ ń ti ilé ọtí kan bọ̀. Bí ẹ bá ra sáńwíìṣì nílé ọtí, tí ẹ sì fún un jẹ, ebi kò ní pa á. Bí ẹ kò bá fún un, ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá wà láàárín ọmọ ogun yẹn, á gbé yín mì. Kò sí ohun tó fi hàn yín nígbà yẹn pé sáńwíìṣì àti ajá tan mọ́ra wọn. Ẹ̀fẹ̀ náà dára, ìyà tó bá a rìn ni kò dára. Kí géèmù tó parí, Marvin, rọ́bọ́ọ̀tì onírẹ̀wẹ̀sì, á ní kí ẹ fún òun ní irinṣẹ́ kan. Bó bá ku ọ̀kan tí ẹ kò mú, ì báà ṣe búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín inú yàrá Arthur, òun gan-an ló máa béèrè.

Mo mọ ohun tó fà á. Géèmù Infocom ìgbà náà kò lè ju kílóbáìtì 128 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù òde òní tóbi jù ú. Ẹni tó bá sì san owó rẹ̀ retí pé kó pẹ́ lọ́wọ́ òun. Líle ni wọ́n fi ń mú un pẹ́. Infocom tún ń ta ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń pè ní InvisiClues, tí ìdáhùn inú rẹ̀ kì í hàn àyàfi bí ẹ bá fi bírò pàtàkì kan kùn ún. Kò sì sí àṣẹ tó lè dá ìgbésẹ̀ kan padà nínú géèmù náà. Bí ẹ kò bá fi ibi tí ẹ dé pamọ́ sórí dísìkì, ẹ ó tún jí nínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí ni. Àwọn ìdí yìí yé mi, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ti ajá di rere. Ìjákulẹ̀ tí ẹni tó ń ta géèmù kò gbọ́ nípa rẹ̀ kò lè pa á lẹ́rìn-ín, kò sì lè kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí i bẹ́ẹ̀. Graham Nelson, tó ṣe Inform lọ́dún 1993, èdè kọ̀ǹpútà tí èmi náà fi ń ṣiṣẹ́, kọ àwọn ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ta géèmù sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, The Craft of Adventure. Ọ̀kan lára wọn ni pé a kò gbọdọ̀ ti ọ̀nà mọ́ ọn láìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ lónìí ló ń tẹ̀ lé e. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn mìíràn ti ṣe é kọjá àlà: wọ́n pa gbogbo ewu rẹ́, ẹja bọ́ sétí nígbà àkọ́kọ́ tí a tẹ bọ́tìnnì, kò sẹ́ni tó kùnà, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

BBC gbé géèmù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2004 pẹ̀lú àwòrán, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2014. Bí ẹ bá fẹ́ ta á, ẹ kó gbogbo ohun tó ṣeé kó nílé Arthur, kí ẹ sì fún ajá ní sáńwíìṣì. Bí ẹ bá wá dé ìdí ẹ̀rọ ẹja, mo bẹ̀ yín, ẹ má wá ìdáhùn níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ títí ẹ ó fi gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ kọ tiyín, èdè yòówù kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ kọ èsì àṣìṣe kí ẹ tó kọ ti àṣeyọrí. Bí ọ̀nà bá sì ti dí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.