Ọmọbìnrin Tó Jẹ́ Ọkọ

Ìyàwó tí wọ́n bá gbé wọ agbo ilé kì í pe ọmọ tó bá níbẹ̀ lórúkọ. Ì báà jẹ́ ọmọbìnrin ọdún méje, Ìbàdíàrán ni yóò máa pè é, tàbí Ẹyinjúẹgẹ́, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà. Ọmọbìnrin ni, síbẹ̀ ọkọ ni. Yorùbá tó bá fẹ́ mọ ohun tí tíọ́rì ìṣègbèfábo dá lé, ẹnu ọ̀nà agbo ilé yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tíọ́rì náà kò le. Ara tí a bí mọ́ni ni akọ tàbí abo. Ohun tí àwùjọ ní kí akọ máa ṣe, tó ní kí abo má dán wò, èèyàn ló gbé e kalẹ̀, èèyàn sì lè gbé e kúrò. Simone de Beauvoir là á mọ́lẹ̀ nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1949 nínú Le Deuxième Sexe pé ìtọ́dàgbà ló ń sọ abo di obìnrin. Lọ́dún 1990, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, Judith Butler, ní ìṣe tí à ń tún ṣe lójoojúmọ́ ló wá jọ àbínibí lójú wa.

Onímọ̀ ọmọ Yorùbá, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé, nínú The Invention of Women, lọ́dún 1997. Ó ní kí Òyìnbó tó dé, ẹni tó ṣàgbà là ń wò kí a tó pín ipò, a kì í wo akọ tàbí abo. Èdè wa ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí mo bá ní "ó ti dé", ta ló mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ náà ò fi í hàn. Ó ní ìjọba amúnisìn ló kó gbogbo obìnrin pọ̀ sójú kan, tó tì wọ́n sẹ́yìn. Abẹ́òkúta ń ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Láti ọdún 1918 ni ìjọba ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn, bẹ́ẹ̀ kò fún wọn láyè níbi tí wọ́n ti ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ná owó náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, ọba wọn, Aláké Adémọ́lá Kejì, sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949, ọdún kan náà tí ìwé de Beauvoir jáde.

Mo gba Oyěwùmí gbọ́ títí mo fi dé orí ọ̀rọ̀ náà, ìyàwó. Lóòótọ́, ara kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, ẹni tó wọlé wá ni. Ọkùnrin tó jẹ́ elégùn Ṣàngó máa ń dirun bí obìnrin, ìyàwó òrìṣà sì ni. Ní Cuba, iyawó ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà, ní Brazil iaô ni, tọkùnrin tobìnrin. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé ńkọ́? Ta ni wọ́n ń fi ìlù àti orin sìn kúrò nílé bàbá rẹ̀? Ẹni ogún ọdún ni, àmọ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá ṣàgbà rẹ̀, torí ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Àgbà tí Oyěwùmí ní kò mọ akọ, kò mọ abo, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á: ti ọmọ ilé láti ọjọ́ ìbí, ti ìyàwó láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Onímọ̀ mìíràn, Bibi Bakare-Yusuf, ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí èdè ò dárúkọ lè máa ṣẹlẹ̀ lójú ayé, mo sì gbà pé òun ló jàre. Àbí a ò gbọ́ ọ bí àwọn àgbà ṣe ń wí i: ọmọ tó dára, ti bàbá ni; èyí tí kò dára, ti ìyá rẹ̀ ni? "Ọmọ" ò fi akọ tàbí abo hàn níbẹ̀, ẹ̀bi mọ ilé ẹni tó ń lọ.

Ìbàdíàrán ọmọ ọdún méje yẹn ń bọ̀ wá dàgbà. Wọn yóò gbé e lọ sílé ẹlòmíì, yóò sì máa fún àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀ lórúkọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò ní ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, àfi ti òrìṣà.